Ta Ló Jẹ Òṣìṣẹ́ Ní Gbèsè? Ohun Tí Ìjọ Àgùdà Ń Kọ́ni Nípa Iṣẹ́ Àti Owó Ọ̀yà

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn kádínà yan Póòpù tuntun, ó sì mú orúkọ Leo Kẹrìnlá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún wọn pé Leo Kẹtàlá ni òun wò tí òun fi mú orúkọ yìí, Póòpù tó kọ̀wé nípa òṣìṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń yí ayé padà. Ó ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ló tún dé yìí, pẹ̀lú AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ayé ń sọ.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ láàárín àwọn ọmọ ìjọ l'Ékòó. Kí ló kan Póòpù nínú owó oṣù? Bí Fádà bá ń wàásù lórí owó ọmọ ọ̀dọ̀, ṣé kò ti wọ ìṣèlú nìyẹn? Àwọn mìíràn gbà pé ohun tí ìjọ ń sọ kò ju pé kí olówó máa ṣàánú tálákà lọ. Àṣìgbọ́ ńlá ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, òun ló sì ń bí àwọn yòókù.

## Kí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ ìjọ nípa àwùjọ?

Òun ni gbogbo ohun tí Ìjọ Àgùdà ti là kalẹ̀ nípa bó ṣe yẹ kí ènìyàn máa bá ọmọnìkejì rẹ̀ lò níbi iṣẹ́, lọ́jà àti nínú ètò ìlú. Inú àwọn ìwé tí Póòpù kọ sí gbogbo ìjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ Látìn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pè é. Ní ọdún 2004, Vatican, olú ilé ìjọ ní Róòmù, kó kókó gbogbo wọn jọ sínú ìwé kan, kí ẹni tí kò ráyè wá wọn kiri lè rí i kà.

Kì í ṣe òfin tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ múni. Ẹ̀rí ọkàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sì dá iye náírà kankan lé ẹnikẹ́ni lórí: ó sọ ohun tí owó oṣù gbọ́dọ̀ lè ṣe fún ẹni tó gbà á, ó wá fi ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ọjà ìlú wọn.

Ohun méjì ló yẹ ká yà sọ́tọ̀: àánú àti òdodo. Àánú ni kí o fún ẹni tí o kò jẹ ní gbèsè ní nǹkan. Òdodo ni kí o fún ẹni tí o jẹ ní gbèsè ní ohun tí o jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul bá gbé ìrẹsì lọ fún opó kan ní Àjégúnlẹ̀, àánú ni. Bí ọ̀gá bá san owó mẹ́gáàdì rẹ̀ nígbà tí oṣù pé, kò ṣàánú ẹnikẹ́ni, gbèsè ló san. Ọ̀gá tó sì di owó oṣù méjì mọ́ mẹ́gáàdì lọ́wọ́, tó wá gbé àpò ìrẹsì fún un lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì yẹn kò pa gbèsè rẹ́. Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, sọ ọ́ ní ọdún 1965 pé ohun tí òdodo béèrè ni kí á kọ́kọ́ ṣe, ká má baà máa fi ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni ta á lọ́rẹ.

Bí ẹ bá ti di ìyẹn mú, ìyókù ò le. Ohun tí àwọn Póòpù ń ṣe láti 1891 ni pé wọ́n ń fẹ ìbéèrè kan ṣoṣo lójú sí i: gbèsè òṣìṣẹ́, ọrùn ta ló wà?

## Ṣé 1891 ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni?

Rárá. Ìwé Deutarónómì orí 24 ti pàṣẹ pé kí á san owó alágbàṣe lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, torí pé tálákà ni, owó náà ló sì gbójú lé. Jákọ́bù orí 5 sọ pé owó ọ̀yà tí wọ́n fi èrú dá dúró ń ké, igbe àwọn tó kórè sì ti wọ etí Olúwa. Ìdí nìyí tí Kátíkísìmù, ìwé tó kó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ jọ, fi ka fífi owó ọ̀yà du òṣìṣẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó ń ké dé ọ̀run, níbi tó ka ìpànìyàn sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìjọ gbọ́ igbe yẹn, Èkó sì ni ìlú tó yẹ ká ti sọ ọ́ láìfi bò. Ní 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Pọ́túgà láṣẹ láti kó àwọn tí kì í ṣe Kristẹni lẹ́rú. Ní 1839, Gregory Kẹrìndínlógún dá òwò ẹrú lẹ́bi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1888, Leo Kẹtàlá kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Brazil lórí òpin oko ẹrú, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin ibẹ̀ tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Lagos Island, bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ni wọ́n fi owó ara wọn ra ara wọn padà. Kí àwọn àlùfáà tó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó, ẹrú kan tó ti dòmìnira, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń kó àwọn ọmọ ìjọ jọ fún àdúrà. Àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn láìsan kọ́bọ̀ ló gbé ìjọ yìí ró níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbàgbé ìyẹn.

## Kí ló wà nínú ìwé Leo Kẹtàlá?

Rerum Novarum ni orúkọ ìwé náà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1891 ló jáde. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà, àgbàlagbà àti ọmọdé ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, owó tí wọ́n sì ń gbà kò tó jẹun. Àwọn kan ń sọ pé ohun tí ọjà bá gbà ni kí òṣìṣẹ́ gbà, kí ìjọba má dá sí i. Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n gba dúkìá lọ́wọ́ gbogbo olówó, kí ó di ti ìjọba. Leo kò gba ti ẹni kankan nínú wọn. Ó ní ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn ní dúkìá tirẹ̀, kódà kí owó òṣìṣẹ́ tó débi tí yóò lè fi díẹ̀ pamọ́ ra ilẹ̀. Ó sì ní ojúṣe ìjọba ni láti dáàbò bo aláìní, nítorí olówó ní ohun tó fi ń gbèjà ara rẹ̀.

Ó ka iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ìhà méjèèjì. Kí òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́ tó gbà tán pátápátá, kí ó má ba nǹkan ọ̀gá jẹ́, kí ó má fi ọwọ́ kan ọ̀gá, kí ó má dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Kí ọ̀gá má lo òṣìṣẹ́ bí ẹrú, kí ó má fún un ní iṣẹ́ tó ju agbára tàbí ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kí ó fún un láyè láti sin Ọlọ́run àti láti sinmi, kí ó má sì fi ipá, jìbìtì tàbí èlé gé owó rẹ̀. Nípa ọmọdé, ó ní kí wọ́n má kó wọn wọ ilé iṣẹ́ kí ara àti ọpọlọ wọn tó gbó. Ẹni tó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń fọ abọ́ fún un láti aago márùn-ún ìdájí, kí ó ka ibẹ̀ dáadáa.

Ibi tí agbára ìwé náà wà gan-an ni ọ̀rọ̀ àdéhùn. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn l'Ékòó: "Mo sọ iye tí mo máa san fún un, ó sì gbà. Ta ló fipá mú un?" Leo dáhùn rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ènìyàn ní ojú méjì: ti ara rẹ̀ ni, ó lè tà á ní iye tó wù ú, ṣùgbọ́n òun náà ló fi ń wà láàyè, wíwà láàyè sì kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Nítorí náà, òdodo kan wà tó ṣáájú àdéhùn, tó sì ga jù ú lọ: owó ọ̀yà kò gbọdọ̀ kéré sí ohun tí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe àpà lè fi gbé ayé. Bí ẹni tó ń rì sínú ọ̀sà bá ṣèlérí gbogbo ohun tó ní fún ọlọ́kọ̀ kan kí ó tó fa òun jáde, kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní nájà-nájà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ tó gba owó tí kò tó torí pé ọmọ rẹ̀ kò jẹun láti àná. Leo ní ipá ni wọ́n fi mú un.

## Báwo la ṣe lè mọ owó tó tọ́?

Pius Kọkànlá ló dáhùn ìyẹn ní ọdún 1931, nígbà tí ìwé Leo pé 40 ọdún. Ìwé tirẹ̀, Quadragesimo Anno, ní ohun mẹ́ta ni kí á wò: bóyá owó náà gbé òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀, bóyá ilé iṣẹ́ náà lágbára láti san án, àti ohun tó máa ṣe gbogbo ìlú láǹfààní, torí owó tó kéré jù àti èyí tó ga jù lè lé ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn èkejì. "Ọjà ò tà, kò sówó." Póòpù gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní bó bá jẹ́ pé àìmọṣẹ́ tàbí ìmẹ́lẹ́ ọ̀gá ló jẹ́ kí owó má wọlé, ìyẹn kì í ṣe àwáwí láti gé owó òṣìṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé owó àìtọ́ tí àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, tàbí pé wọ́n ń fipá mú un tà ní owó pọ́ọ́kú, ló fà á, ọrùn àwọn tó fà á ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Ẹ ro ti àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi fún oníṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wò ó. Ká ní olùkọ́ ilé ìwé aládàáni kan ń gbé Ìyánà Ìpájà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Sùúrùlérè, wọ́n ń san ₦50,000 fún un lóṣù. Bí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ ₦1,500 lójúmọ́, fún ọjọ́ 22, ₦33,000 ti lọ sọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ó ku ₦17,000 fún oúnjẹ, owó ilé, oògùn àti ọmọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ₦70,000, ó ku ₦37,000, ìyẹn kò ju nǹkan bí ₦1,230 lójúmọ́ fún gbogbo ìdílé. Ẹ fi iye tiyín sí i, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín: owó oṣù, ẹ yọ owó ọkọ̀, ẹ yọ owó ilé oṣù kan, ẹ wá pín ìyókù sí ọjọ́ 30.

₦70,000 yẹn ni òfin ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ ní oṣù keje ọdún 2024. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ di ₦85,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Ẹ wo iye ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé kékeré àti ilé oúnjẹ tó bọ́ sí ìsọ̀rí yẹn láti Yábàá dé Agége. Òfin ìjọba fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ìjọ kò fi wọ́n sílẹ̀. Ìwé Leo kò béèrè iye ènìyàn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ.

## Bí kì í bá ṣe ọ̀gá nìkan ló jẹ gbèsè ńkọ́?

John Kẹtàlélógún, ní 1961, mú ọ̀rọ̀ náà dé oko, ó ní àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ di ẹni ẹ̀yìn nígbà tí ará ìlú ńlá ń gòkè. Ní 1967, Paul Kẹfà mú un dé àárín orílẹ̀-èdè: orílẹ̀-èdè tálákà tó ń ta ohun oko ní owó pọ́ọ́kú, tó ń ra ohun ẹ̀rọ ní ọ̀wọ́n, kò yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ tí ebi fipá mú gba àdéhùn.

Ṣùgbọ́n John Paul Kejì, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi ìfọ́ òkúta ní Poland, ló gbé e jìnnà jù. Oṣù karùn-ún 1981 ló fẹ́ gbé Laborem Exercens jáde. Wọ́n yìnbọn lù ú lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù náà, ó di oṣù kẹsàn-án kí ìwé tó jáde. Ó ní torí ènìyàn ni iṣẹ́ ṣe wà, kì í ṣe torí iṣẹ́ ni ènìyàn ṣe wà; àti pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú owó àti ẹ̀rọ, nítorí iṣẹ́ ènìyàn ló kó owó àti ẹ̀rọ jọ. Ó wá sọ pé agbanisíṣẹ́ méjì ni òṣìṣẹ́ ní. Ọ̀kan ni ẹni tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Èkejì ni gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn àdéhùn náà, tí ohun tí wọ́n ṣe ló sọ bí àdéhùn ṣe máa rí: ìjọba, òfin, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Yábàá. Onílé gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe gbé e fún fóòmàn, fóòmàn ló ń mú lébírà ní òwúrọ̀. Bí lébírà bá gba owó tí kò tó nǹkan, onílé á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n òun ló mú ẹni tó dá owó tó kéré jù, nígbà tó mọ iye tí sìmẹ́ńtì àti irin jẹ́, tó sì mọ̀ pé ibi tí ìyókù á ti jáde ni ara lébírà. Ó wà nínú gbèsè yẹn. Bákan náà ni báǹkì tó ń gba òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ aṣojú, tí ẹni tó jókòó sí kàńtà kan náà ń gba ìdajì owó ẹnìkejì rẹ̀. Sísọ pé "kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa" kò tó láti bọ́ nínú rẹ̀.

Ìjọba náà wà níbẹ̀. Owó oṣù tí ọ̀nà tó bàjẹ́ àti epo jẹ́ńẹ́rétọ̀ ń jẹ tán, ìjọba ló gé apá kan nínú rẹ̀.

## Ṣé ìjọ fọwọ́ sí ìyanṣẹ́lódì?

Ó fọwọ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti 1891, torí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nípa ìyanṣẹ́lódì, Kátíkísìmù ní ó tọ́ nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, tàbí nígbà tí àǹfààní tí wọ́n ń wá bá tó bẹ́ẹ̀. Kò tọ́ mọ́ bí wọ́n bá fi ìwà ipá kún un, tàbí bí ohun tí wọ́n ń bèèrè kò bá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ńlá ti oṣù kẹfà 1945 ní Nàìjíríà, tí Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú rẹ̀, bá ìwọ̀n yẹn mu: ogun ti gbé iye ọjà lékè, owó oṣù kò bá a gòkè tó, wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ títí, ìjọba amúnisìn kò gbà.

## Ìjọ fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè tó yẹ ni, ìjọ sì ti bi ara rẹ̀. Ní ọdún 1971, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé pàdé ní Róòmù, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òdodo fún ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ olódodo lójú wọn. Wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ rí owó tó gbé wọn àti ètò ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ bí ti ìlú tí wọ́n wà. Èyí kan olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọ, Kátíkísìtì tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. "Iṣẹ́ Olúwa ni, èrè rẹ̀ wà lọ́run" kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó ní owó ilé láti san. Páríṣì tó ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, tí kò tíì san owó olùkọ́ rẹ̀, ó ti gbé èkejì ṣáájú èkíní, mo sì gbà pé ó yẹ kí àwọn ọmọ ìjọ bèèrè ìwé owó oṣù níbi ìpàdé bí wọ́n ṣe ń bèèrè ti ilé kíkọ́.

## Kí wá ni ti AI?

Ìbéèrè kan náà ni, ojú rẹ̀ ló yàtọ̀. Awakọ̀ tó ń fi áàpù gbé èrò láti Ìkẹjà lọ sí Lagos Island kò rí ọ̀gá kankan. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń dá iye owó, òun ló ń yọ kọmíṣọ̀n, òun ló sì lè ti àkáǹtì rẹ̀ pa láàárín òru. Wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́, alábàáṣòwò ni. Ẹ̀kọ́ John Paul Kejì ní 1981 ti dáhùn: ẹni tó bá ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa rí, bó tilẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, agbanisíṣẹ́ ni, ó sì jẹ gbèsè.

## Bí wọ́n bá di owó rẹ mọ́lẹ̀, kí lo lè ṣe?

Kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí o wọṣẹ́, iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ọjọ́ tí wọ́n san. Tọ́jú àlẹ́ẹ̀tì báǹkì àti àtẹ̀jíṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tó wà fún àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí owó má sì ju oṣù kan lọ kó tó jáde. Ibi tí ó sábà máa ń bàjẹ́ ni "sọ́ọ̀tì", owó tí wọ́n ń yọ fún ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Ọ̀gá kò lè yọ ọ́ bí kò bá ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbogbo ohun tó bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ẹni tó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ dúró, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ méjì bó bá ti pé ọdún méjì, oṣù kan bó bá ti pé ọdún márùn-ún.

Kọ́kọ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá dáhùn, àjọ JDPC (Justice, Development and Peace Commission) ti àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó wà fún ọ̀rọ̀ òdodo, o lè béèrè ọ̀nà wọn ní páríṣì rẹ. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pe ìhà méjèèjì jókòó láìgba owó. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, National Industrial Court ní Ìkòyí ló ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ìwé tí o ti ń kọ láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi ọ́.